Iṣẹ́ Àṣekúdórógbó ní Etí Òkun Ìlàjẹ: Ìtàn Ayétòrò àti Àárẹ̀ Òṣìṣẹ́

Yorùbá a máa sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ní í pa ni. Kò sí olùkọ́ tí kò tíì bá gbólóhùn yìí pàdé nínú àròkọ akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ti gbé àkòrí kan lórí iṣẹ́ síwájú olùdánwò, ìlà kìíní ni òwe náà yóò ti yọjú, yóò sì tún dúró sí ẹnu ọ̀nà àbájáde bí onílé tí ń sin àlejò lọ. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè irú iṣẹ́ tí ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ń ṣe, àti ìgbà tí ó ń dáwọ́ dúró lóòjọ́. Ìtàn ló lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sì jẹ́ ibi kan tí ìdáhùn náà ti hàn kedere, nítorí pé láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni àwọn kan níbẹ̀ gbé iṣẹ́ ga ju ohun gbogbo lọ, tí wọ́n là nípasẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì tún kọ ìlànà náà sílẹ̀.

Abereke jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìletò Ìlàjẹ tí ó tò sí etí òkun Àtìláńtíìkì, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Awoye, Molutehin àti Ayétòrò. Omi ni ọ̀nà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n sì ń tẹ́ láti ojúlé dé ojúlé kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú irà. Ọkùnrin ní í pa ẹja, obìnrin ní í gbà á ní èbúté, tí yóò là á, tí yóò tò ó sórí ààrò, tí yóò sì máa koná sí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òṣìṣẹ́ paraku ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ wọn ní ààlà. Bí òkun bá ń ru, kò sí ẹni tí yóò ti ọkọ̀ sínú rẹ̀. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, tí wọ́n ń dí ihò ara ọkọ̀, tí àgbà ń pa ìtàn fún ọmọdé. Òkun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá tí ń fún wọn ní ìsinmi, kò sì sí ẹni tí yóò pe apẹja ní ọ̀lẹ nítorí pé ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Kì í ṣe etí òkun nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ọrún ni wọ́n ń pè é. Òòṣà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Ọjọ́ Jákúta ni olùsìn Ṣàngó ń ṣọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá jẹ́ ti Òòṣàálá, àwọn aláṣọ funfun rẹ̀ kò ní í gbé ọkọ́ lọ sóko. Bí oko bá sì pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, àárò ń bẹ, ọ̀wẹ̀ ń bẹ, tí ọwọ́ púpọ̀ yóò fi fúyẹ́. Ìwọ̀fà pàápàá, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ dúró fún gbèsè, kò ṣe iṣẹ́ tí kò lópin. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé tí ó ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú: iṣẹ́ ìwọ̀fà ní ìwọ̀n. Iye ebè tí yóò kọ fún olówó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́ pé, oko ara rẹ̀ ló kàn. Èyí yẹ ní àròjinlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé iṣẹ́ tí kò mọ alẹ́ mọ òwúrọ̀ ni àwọn baba wa ń yìn. Ẹni tí ó jẹ gbèsè láyé ọjọ́un mọ ìgbà tí yóò fi ọkọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé òde òní kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní irú àṣà yìí pẹ̀lú. Ní etí òkun Gánà, àwọn apẹja Gàá àti Fàǹtí kì í lọ sójú òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ọjọ́ òkun ni. Ohun yòówù kí ó jẹ́ ìdí rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wọn, àǹfààní rẹ̀ fún ara apẹja kò fara sin, ó sì ṣe é ṣe kí ẹja náà jàǹfààní níbẹ̀.

Nínú ayé tí ó mọ ọ̀sẹ̀, tí ó mọ àárò, tí ó sì mọ ìgbà tí òkun ń ru ni wọ́n ti sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni. Òwe náà bá ayé tí ó bí i mu.

Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni ohun tuntun dé sí etí òkun Ìlàjẹ. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n ti wà nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí wọ́n sì wá ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, kó kúrò láàárín àwọn ará wọn lẹ́yìn ìjà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti àṣà ìbílẹ̀. Wọ́n tẹ ìlú tuntun dó sórí irà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bá wọn du ilẹ̀. Ayétòrò ni wọ́n pe ìlú náà. Ethophen Okenla ni ọba wọn kìíní, Ogeloyinbo sì ni oyè ọba ibẹ̀.

Láìpẹ́, wọ́n sọ ohun gbogbo di àpapọ̀. Kò sí owó oṣù, kò sí ọjà tí ẹnì kan ń ná fún àpò ara rẹ̀. Ẹja tí apẹja pa, ti gbogbo ìlú ni. Bàtà tí oníbàtà rán, ti gbogbo ìlú ni. Àpò kan náà ni owó ń wọ̀, inú àpò náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé olúkúlùkù sì ti ń jáde. Àwọn tí wọ́n jẹ́ apẹja lásán ní àná di káfíńtà, aláṣọ híhun, télọ̀, aṣe-búrẹ́dì, alágbàfọ̀ àti ẹni tí ń kan ọkọ̀ ńlá. Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ odò lílà gígùn kan la irà kọjá kí ọkọ̀ lè máa gba inú rẹ̀ wọ̀lú. Wọ́n tẹ́ pákó tí ó gbòòrò bí òpópónà. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Òkìkí ìlú náà kàn dé òkè òkun. Àwọn oníròyìn àti àwọn onímọ̀ ń wá, wọ́n sì ń pè é ní Ìlú Aláyọ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè bu ẹnu àtẹ́ lu irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ aláìmoore sí òógùn àwọn tí ó ṣe é. Wọn kì í ṣe ẹrú. Ìfẹ́ inú wọn ni ó kó wọn dé ibẹ̀, ìgbàgbọ́ ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹrẹ̀. Ìgbàgbọ́ ọ̀hún gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìdí iṣẹ́ náà wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn Àpọ́sítélì gbà pé àwọn kò ní í kú. Ẹni tí kò ní í kú, kí ni yóò máa ṣọ́ ara rẹ̀ sí? Ara tí ikú kò lè mú, àárẹ̀ kò yẹ kí ó lè mú un. Lọ́nà báyìí, wọ́n gbé iṣẹ́ kúrò ní ipò iṣẹ́, wọ́n sì gbé e dé ipò ìsìn. Òṣìṣẹ́ ní ibòmíràn lè sọ pé owó tí wọ́n ń san fún òun kò tó iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Ní Ayétòrò kò sí owó tí ó lè sọ pé kò tó. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ta ni yóò sọ fún? Níbi tí iṣẹ́ bá ti di ìsìn, ẹnu ẹni tí ó ń sọ pé ó ti rẹ òun kò lè ṣàì jọ ẹnu aláìgbàgbọ́.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìdílé. Fún àkókò kan, apá kan ìlú ni àwọn ọkùnrin ń gbé, apá kejì ni àwọn obìnrin ń gbé. Wọ́n sì máa ń gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí fún àwọn àgbàlagbà mìíràn láti tọ́. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa ìlú náà sábà máa ń ka èyí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Kí ni ohun tí ń fa òṣìṣẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Aya tí ń retí ọkọ, ọmọ tí ń sunkún, ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àpò ara ẹni tí ó ti tó ná. Bí a bá mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, kò sí ohun tí ó kù tí yóò sọ fún ènìyàn pé alẹ́ ti lẹ́. Ẹni tí kò ní ilé tí ó ń sáré lọ kò ní ìdí tí yóò fi tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1968, ìlànà náà yẹ̀. Wọ́n fàyè gba olúkúlùkù láti máa ṣiṣẹ́ fún àpò ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stanley Barrett, ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan tí ó gbé láàárín wọn láti ṣe ìwádìí, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1977. Kò pe Ayétòrò ní orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Olowo ni ó pè é, orúkọ tí ó yẹ ìlú tí ó là bẹ́ẹ̀. Ó fi wé ìletò mìíràn nítòsí tí ẹ̀sìn wọn jọra, ṣùgbọ́n tí kò sọ ohun gbogbo di àpapọ̀, tí kò sì là. Ohun tí ó rí fà yọ ni pé ìgbé-ayé àpapọ̀ ni ó mú ọrọ̀ wá, kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan, àti pé nígbà tí àpapọ̀ lọ, ọrọ̀ tẹ̀lé e.

Àlàyé náà dára, ó sì ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ó kàn fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí olùkọ́ lè gbé síwájú kíláàsì. Bí ìlànà kan bá mú gbogbo ìlú là, kí ló dé tí ìlú náà fi jẹ́ kí ó lọ? Ìdáhùn kan ṣoṣo kò tó: ọ̀rọ̀ aṣáájú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ayé tí ń yí padà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọjọ́ orí. Láti ọdún 1947 sí ọdún 1968 jẹ́ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n dó sórí irà ti lé ní ogójì nígbà tí ìlànà náà yẹ̀. Ẹ̀yìn tí ó ru pákó náà ti ń ro. Wọ́n ti rí òkú láàárín ara wọn, wọ́n sì ti mọ̀ pé ara àwọn náà kì í ṣe irin. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò sì bá wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́dún 1947. Inú iṣẹ́ ni wọ́n bí wọn sí. Ìlú tí ń jẹ agbára tí kò san owó fún, tí kò sì fún ní ìsinmi, iye ọdún tí agbára ìran kan bá lè gbé e ni yóò lò. Bí wọ́n bá ti tò ìsinmi, ìdílé àti ìpín olúkúlùkù mọ́ ìlànà àpapọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àpapọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Barrett ń wo ètò. Ara àwọn tí ó gbé ètò náà ru ni ó yẹ kí a fi kún un.

Ayétòrò kọ́ ni ìlú kan ṣoṣo tí ó ti gbé òṣìṣẹ́ gun ẹṣin tí kò ní ìjánu. Ní òru ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n mọ́jú... rárá, kì í ṣe ìtàn àlọ́ ni èyí, déètì rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀: ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1935 ni wọ́n kéde pé awakùsà ará Rọ́ṣíà kan, Aleksei Stakhanov, wa èédú tọ́ọ̀nù 102 láàárín iṣẹ́ òru kan ṣoṣo, nígbà tí ó jẹ́ pé tọ́ọ̀nù 7 ni ìwọ̀n tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìjọba Stalin gbé e gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ di bíi tirẹ̀. Ohun tí ìyìn náà fi pamọ́ ni pé àwọn ẹlòmíràn wà nínú ihò náà pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n ń fi igi ti òrùlé ihò bí ó ti ń wa èédú, iṣẹ́ tí awakùsà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba fi kún ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àwọn yòókù. Báyìí ni ìyìn ẹnì kan ṣe di ẹrù lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1919, ìpàdé àkọ́kọ́ Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ fẹnu kò sí wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Nàìjíríà, Òfin Òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọdún 1974 sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín sí wákàtí kan láàárín rẹ̀. Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò fi sinmi fún wákàtí 24 gbáko. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọdún pẹ̀lú owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa ti padà dé nínú aṣọ agbẹjọ́rò. Àmọ́ bí ènìyàn bá ka òfin náà dé òpin, yóò rí i pé ìtumọ̀ tí ó fún “òṣìṣẹ́” kò kó gbogbo ènìyàn mọ́ra. Ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ aláṣẹ àti iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni ìran òde òní ń fi ìyìn pa lára: dókítà, olùkọ́ tí ń gbé ìwé àkẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé láti máa sàmì sí i títí àárín òru, tí wọ́n sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù níwájú ìpàdé.

Ọmọ Ìlàjẹ tí ó fi etí òkun sílẹ̀ lọ sí Èkó bá irú ayé yìí pàdé. Ìran àkọ́kọ́ nínú wọn fi igi gẹdú di ọkọ̀ àgbáso, wọ́n sì tù ú gba inú ọ̀sà dé ibi ìlagi Okobaba ní Èbúté-Mẹ́ta; omi ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò dé. Ọmọ wọn tí ó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní omi tí yóò sọ fún un. Agogo mẹ́rin ìdájí ni ó ń jí nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, òru ni ó ń wọlé, bí ó bá sì ráhùn, wọn yóò sọ fún un pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ bí ẹrú ni yóò jẹun bí ọba. Ẹrú kò sì jẹun bí ọba rí nínú ìtàn.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú àárẹ̀ tẹnutẹnu yìí sínú ìwé ìpínsọ́tọ̀ àrùn wọn, kì í ṣe bí àìsàn, bí kò ṣe bí ohun tí ibi iṣẹ́ máa ń fà. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fún un: okun yóò tán lára, ọkàn yóò kúrò nínú iṣẹ́ tàbí kí ó kórìíra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò sì ní í dára mọ́. Ẹ kíyè sí àmì kẹta. Ní ọdún 2021, àjọ náà àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ jọ gbé ìṣirò jáde pé ní ọdún 2016 nìkan, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa nǹkan bí ènìyàn 745,000 nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ni ó ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó lọ. Èyí kọjá ohun tí òwe ìjelòó lè dáhùn.

Ní etí òkun Ìlàjẹ, ìgbì ti gba ọ̀pọ̀ nínú ilé àti ilé-iṣẹ́ tí àwọn Àpọ́sítélì fi òógùn ojú wọn kọ́ ní Ayétòrò. Abereke náà ń sá sẹ́yìn fún omi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo bú gbàmù nínú òkun agbègbè náà, iná rẹ̀ sì jó fún ìgbà pípẹ́ lójú omi tí wọ́n ti ń pẹja. Apẹja tí ó ń tu ọkọ̀ lọ síwájú ju ibi tí baba rẹ̀ dé lọ nítorí ẹja kò tó mọ́ kò yin iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ebi ló ń lé e. Síbẹ̀, bí òkun bá ru lówùúrọ̀, yóò fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, yóò tẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sórí pákó, yóò sì jókòó tì í títí omi yóò fi rọ̀.